Ojú Tí Mo Gbé Kúrò Nídìí Tábìlì

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi jókòó sídìí pókà ní Reno,
níbi tí wọn kì í gbé aago kọ́ ògiri,
tí òwúrọ̀ ń yọ́ wọlé bí olè, tí ẹnikẹ́ni ò kí i.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Èmi Graciana, mo lé ọ̀rọ̀ kúrò lójú mi,
mo sọ ọ́ di ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti rìnrìn àjò.
Ọba méjì wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ò rẹ́rìn-ín;
òfo ló wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ò fajúro.

Ẹ má pè é ní oríire. Ìṣirò ni.
Mo mọ̀ pé nínú ìgbà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni káàdì yóò wá,
mo sì máa ń jókòó ti mẹ́rin tí kò ní wá
bí darandaran ti ń dúró kí yìnyín yọ́.
Bàbá bàbá mi da àgùntàn lórí òkè Elko.
Ilẹ̀ Básíkì ló ti wá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára igi
kí ìdákẹ́jẹ́ má baà gbé e mì.
Èmi náà ń gbẹ́ tèmi lóru, sínú ìwé kékeré kan:
wọlé, jáde, wọlé, jáde.

Alẹ́ tí mo kúrò, n kò pàdánù. Mo jẹ ni.
Wendell Tharp, arúgbó tó ń tún páìpù ṣe,
ti gbogbo owó ike rẹ̀ síwájú.
Etí rẹ̀ pọ́n. Mo mọ̀ pé kò ní nǹkan kan.
Mo ní, "Ṣí i."
Ó dìde, ó ní, "O ṣe é dáadáa, ọmọ mi,"
ó wá ń fọwọ́ tú àpò, ó ń wá owó bọ́ọ̀sì.
Mo wá àánú nínú àyà mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.
N kò rí i.
Ẹ̀rù bà mí.

Denise Orrock gbé gíláàsì sójú, ó wo ìwé mi,
ó wo àlàfo funfun tó wà láàárín rẹ̀.
"Kí lo fi ọdún mẹ́tàlá ṣe?"
Mo ní, "Mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ owó nù
tí kò ní sọ ara rẹ̀ nù."
(Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.)
Ó ní, "A ó pè ọ́." Mo wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀,
mo kà á: kò ní pè.
Ní Wẹ́sídeè, fóònù dún.
Mo ti ṣì í kà, èmi tí wọ́n ń bẹ̀rù ojú mi!

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni a ń tà, ní Sparks.
Owó oṣù àkọ́kọ́ dé; iye tí wọ́n sọ náà ni.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
mo ń wá ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lyle Massaro ló ń ta bóòtù fún wa.
Ó ní oníbàárà mìíràn ń dúró níta, kí n tètè san án.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí òrùka. Kò séèyàn níta.
Ní Reno, ǹ bá gbọn àpò rẹ̀ dànù.
Ṣùgbọ́n oṣù tó ń bọ̀, Lyle náà ni,
oṣù tó tún tẹ̀ lé e, Lyle náà ni.
Mo ní, "Jókòó. Èló ni yóò jẹ́ kí o sùn lálẹ́?"
Ẹ̀jẹ̀ sáré wá sójú rẹ̀.
Ó sáré wá sí tèmi náà.

Ìdérí ìgò méjì wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́;
ọwọ́ mi ṣì ń dà wọ́n pọ̀, kò tíì gbọ́ pé a ti ṣí lọ.
Lánàá, akọ̀wé wa ṣi orúkọ mi kọ sórí ìwé owó,
ó kọ Gracious.
Ojú mi rẹ́rìn-ín kí n tó rán an níṣẹ́.